Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ta

Oyún rẹ pé oṣù márùn-ún, mo ṣì ń lọ.
Bí a bá ti kírun àsùbáà tán,
ọ̀kadà kan láti Pákátà dé ẹnu géètì pápá ìṣeré.
Baba Sàká tó ń ṣọ́ adágún á mi orí:
"Sàfíyátù, o tún gbé ikùn dé."
Mo ní, "Baba, òun ló gbé mi dé."

Ìyá ọkọ mi gbọ́, ó káwọ́ lérí.
"Òmùwẹ̀ lomi ń gbé lọ!
Òtútù á mú ọmọ,
ọmọ á mu oògùn inú omi yẹn yó!"
Nọ́ọ̀sì kan ní Sóbí ló gbà mí sílẹ̀:
"Màmá, inú omi kúkú lọmọ ń gbé.
Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa lọ kí i níbẹ̀."

Lórí ilẹ̀, mo wúwo bí àpò ìrẹsì,
mò ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ tó jẹ gbèsè.
Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rọra wọlé,
omi á gba ẹrù lọ́wọ́ mi,
kò ní béèrè owó aláàárù.
Mo léfòó. Ìwọ náà léfòó nínú mi.
Omi lóde, omi nínú,
awọ kan ló là wá láàárín,
ó fẹ́lẹ́ bí ojú wàrà.
Mo ta ẹsẹ̀, o ta ẹsẹ̀.
Ta ló ń kọ́ ta?

Kóòṣì Ọdẹ́wálé, ará Àjàṣẹ́-Ìpo,
kò yọ aago lápò ní gbogbo ìgbà yẹn.
Ó ní, "A kì í fi aago kan wọn ẹni méjì."

O dé. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ewu ọmọ.
Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọ́ ní Rùkáyátù.
Ìyá ọkọ mi fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn,
moké, mo bú sẹ́rìn-ín:
omi tí mo mọ̀ kọ́ nìyí.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́.
Kí n tó lóyún, àáyá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
ni mo fi ń gé àádọ́ta mítà.
Nígbà tí dókítà ní kí n padà, mẹ́rìndínlógójì.
Mo ṣe é ṣe é, ó di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,
ó di méjìlélọ́gbọ̀n,
ó wá dúró síbẹ̀
bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó kọ̀ láti gun òkè Sóbí.
Apá ṣì mọ ọ̀nà. Ikùn ló gbàgbé,
ó rọ̀ bí àpò tí wọ́n ti da gàrí inú rẹ̀ nù.
Kí n tó kan ògiri, ọmú ti ń sun sínú aṣọ,
etí mi wà lábẹ́ omi, síbẹ̀ mo gbọ́ ẹkún rẹ.
Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń kọjá lára mi
bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan rí.

Mẹ́ta péré!
Kí lẹ̀ ń pè ní mẹ́ta?
Ẹni tó ní bísímíláì, ó ti lò ó tán.

Lóru àná, iná ò sí, o ń mu ọmú,
ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.
O bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, o ò ké.
Yàrá dákẹ́. Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lórí páànù.
Mo kà á lábẹ́ ahọ́n:
ení,
èjì,
ẹ̀ta,
o lanu, o jí gbogbo Ìlọrin.

Àṣé ọwọ́ rẹ ló wà.
Mú un dání. N kò ní gbà á.
Àmọ́ ìdíje ku oṣù mẹ́rin,
n kò sì ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi:
mo ń wá mẹ́ta mìíràn.

Kóòṣì, ẹ yọ aago.
Ẹnì kan ṣoṣo ni mí lónìí.
Baba Sàká, ẹ jọ̀ọ́,
oòrùn ti ń yí síbẹ̀ yẹn,
ẹ fi fìlà yín bò ó lórí.